Òwúrọ̀ Bàbá Ọlọ́dẹ

Ìwọ tó ń ka èyí, ṣọ́ ẹnu rẹ lórí ẹni tó pẹ́ jí. Mò ń kìlọ̀ fún ọ ni o. Ẹ̀rín tí o bá fi rín in lè padà wá bá ọ nílé.

Wọ́n ní, "Ìgbà tí a bá jí ni òwúrọ̀ ẹni." Báwo ni? Oòrùn kì í sáà dúró de ẹnikẹ́ni. Ó dáa, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ládùúgbò wa nìyí.

Fẹ́hìntọlá, tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ti lé ní àádọ́ta ọdún. Yunifásítì fún un láyè láti wá gba oyè kejì nínú ẹ̀kọ́ ìtàn. Ọjọ́ náà gan-an ló gbọ́dọ̀ fèsì. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọn a fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́sàn-án, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tẹ nọ́ńbà yunifásítì, ó pa á. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún pa á.

Ṣijúwadé, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ń bó ẹ̀gúsí nítòsí, ó ń wò ó.

"Ìyàwó wa, ìtàn wo lo tún fẹ́ lọ kọ́? Ìwọ fúnra rẹ ti di ìtàn tán! Bí àwọn ọmọ kíláàsì bá ń pè ọ́ ní mọ́mì, ṣé wàá máa dá wọn lóhùn?"

"Àǹtí, ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Ohun tí mo kà lánàá gan-an, mo ti gbàgbé."

"Ṣé o rí i? Ilẹ̀ ti mọ́ tipẹ́, o ò jí. Jókòó jẹ́ẹ́."

Àsìkò yẹn ni Ògúnrántí, ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ àdúgbò lóru, jáde láti yàrá rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́jú ni, omi ṣì ń kán ní irùngbọ̀n rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ìyá."

Ṣijúwadé bú sẹ́rìn-ín. "Àárọ̀ kẹ̀? Bàbá ọlọ́dẹ, oòrùn ti dé àtàrí! Ẹ mà lè sùn o!"

Ọkùnrin náà ò rẹ́rìn-ín. "Ìyá, nígbà tí ẹ ń hanrun lóru, ta ló ń rìn yí ilé yín ká? Ìgbà tí mo bá jí ni òwúrọ̀ mi." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Fẹ́hìntọlá gbójú sókè.

"Àǹtí, nígbà tí ẹ lọ ṣòwò ní Òkè Ọya, tí ẹ kó àwọn ọmọ yín tì mí, mo ti rí irú àyè yìí gbà nígbà yẹn. Nítorí ta ni mi ò ṣe lọ?"



Fẹ́hìntọlá tẹ nọ́ńbà náà, kò pa á mọ́. Ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́, sà... mò ń bọ̀." Ẹ̀rù ò tíì kúrò lára rẹ̀, ẹ má jẹ́ ká purọ́.

Ọ̀rọ̀ ọlọ́dẹ yẹn làwọn ará àdúgbò wá gbé sẹ́nu. Ẹni tó fi òru ṣọ́ ọmọ ẹlòmíràn, ẹ má fi oòrùn dá a lẹ́jọ́. Ìgbà tí a bá jí ni òwúrọ̀ ẹni.

"Àǹtí, ẹ bá mi ṣàdúrà," ni Fẹ́hìntọlá wí nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀. "Àbí ẹ ṣì ní ohun tí ẹ fẹ́ sọ?"

Ṣijúwadé tẹ orí ba sórí ẹ̀gúsí. "Mi ò sọ nǹkan kan mọ́. Má bi mí."