Dúrọ́ọ̀ Tí Àjàdí Ń Ṣọ́

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni, òjò ń ṣẹ́ wínníwínní. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínrìnádé já wọ ọ́fíìsì ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, ó ní kí Àjàdí akọ̀wé dárúkọ dókítà tó ní kí wọ́n má tẹ ìwádìí òun, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, dókítà ló ń yẹ iṣẹ́ dókítà wò níbẹ̀, orúkọ ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò kì í sì í hàn síta. Àjàdí ki kọ́kọ́rọ́ bọ dúrọ́ọ̀ tí àwọn orúkọ náà wà. "Màá ṣí i, ọ̀gá mi, ṣùgbọ́n bí mo bá ṣí i fún ẹnì kan, mo ṣí i fún gbogbo wọn. Ẹ rántí iṣẹ́ tí ẹ yẹ̀ wò lóṣù tó kọjá, tí ẹ ní ojú oorun ni wọ́n ti kọ ọ́?" "Ta ló kọ ọ́?" "N kò lè sọ, àmọ́ ẹ máa ń dọ̀bálẹ̀ fún un. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti wá bi mí pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Ṣé kí n yí i?" Ọ̀jọ̀gbọ́n wo kọ́kọ́rọ́ náà títí, ó rẹ́rìn-ín. "Fà á yọ, jàre. Kí ni dókítà yẹn tiẹ̀ ní kí n tún ṣe?" Àjàdí na ìwé àlàyé sí i. Ọ̀jọ̀gbọ́n fa àga, ó yọ kálàmù, ó sì bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe láti ojú ewé kìíní.