Agbọ̀n Ìjàpá Tí Ìdí Rẹ̀ Ṣóńṣó

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi yí gbirigbiri, kò ríbi jókòó, nítorí pé ìdí rẹ̀ ṣóńṣó. Ó dá lórí Ìjàpá, ọkọ Yánníbo, àti Òkété àgbẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, kí ló dé tí ẹni tó ń ta àgbàdo fi máa ń rọ ọ́ gogoro sórí kóńgò? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́.

Oúnjẹ tán nílé Ìjàpá lọ́jọ́ kan. Ó lọ bá Òkété.

"Ọ̀rẹ́ mi, yá mi ní àgbàdo agbọ̀n kan. Bí mo bá kórè àkùrọ̀ mi, n ó dá a padà."

"Irúgbìn mi nìyẹn o," ni Òkété wí. "Bí òjò bá dé tí n kò rí i gbìn, ebi ni yóò pa àwọn ọmọ mi."

Síbẹ̀, àánú ṣe é. Ó wọn àgbàdo kún agbọ̀n rẹ̀, èyí tí ìdí rẹ̀ fẹ̀ bí ẹnu rẹ̀, ó sì gbé e fún un.

Àkùrọ̀ Ìjàpá ṣe dáadáa, àká rẹ̀ kún dé òrùlé. Ó rántí Òkété, ìrántí náà sì dùn ún.

Nílùú àwọn ẹranko nígbà náà, okùn àti ọ̀pá ni wọ́n fi ń mọ agbọ̀n tó dọ́gba. Wọn a fi okùn yí ẹnu rẹ̀ ká, wọn a ki ọ̀pá bọ àárín rẹ̀. Bí ti agbọ̀n méjèèjì bá ti bára mu, ọ̀rọ̀ parí. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá wọn ṣe ń ṣe é.

Ìjàpá wá hun agbọ̀n tuntun. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ bí ti Òkété, ó sì jìn bí ti Òkété, ṣùgbọ́n ó ń tín-ín-rín bọ̀ nísàlẹ̀ títí ó fi di ṣóńṣó, bí òkòtó tí ẹ ń ta ní àgbàlá.

Yánníbo wò ó. "Baálé mi, agbọ̀n yìí kò lè dá dúró."

"Kò sẹ́ni tó ní kó dúró," ni Ìjàpá wí. Ó fi àgbàdo kún un, ó sì gbé e fún Òkété.

Òkété dà á sínú agbọ̀n tirẹ̀. Kò dé ìdajì. Ìyàwó rẹ̀ bu yẹ̀pẹ̀ kún agbọ̀n ṣóńṣó náà, ó dà á sínú agbọ̀n mìíràn tó dà bí tiwọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló bù ú kí ó tó kún. Ojú òjò sì ti ṣú.

Wọ́n gbé ẹjọ́ lọ bá Erin, ọba wọn.

"Kábíyèsí, ẹ wọn agbọ̀n méjèèjì," ni Ìjàpá wí, ara rẹ̀ balẹ̀.

Okùn bá okùn mu. Ọ̀pá bá ọ̀pá mu.

"Wọ́n dọ́gba," ni Erin wí. "Èyí tó bá wu kálukú ni kó fi yá nǹkan, èyí tó bá wù ú ni kó fi san án."

Ìjàpá dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́.

Ìyàwó Òkété kúnlẹ̀. "Kí adé pẹ́ lórí. A fẹ́ yá àgbàdo lọ́wọ́ Ìjàpá. Agbọ̀n tiwa la ó fi gbà á, tirẹ̀ la ó fi san án."

Ìjàpá fò dìde.

"Àbí wọn kò dọ́gba mọ́ ni?" ni Erin bi í.

Ni wọ́n bá fi agbọ̀n tó fẹ̀dí wọn àgbàdo Ìjàpá fún Òkété. Lójú ẹsẹ̀ ni Òkété fi agbọ̀n ṣóńṣó san tirẹ̀ padà, irúgbìn rẹ̀ sì pé. Ṣùgbọ́n Ẹfọ̀n ti gbọ́. Ìgalà náà ti gbọ́. Gbogbo ìlú wá yá àgbàdo nílé Ìjàpá, kò sì lè kọ̀ nítorí ìdájọ́ ọba; wọ́n fi agbọ̀n tó fẹ̀dí gbà á, wọ́n fi agbọ̀n ṣóńṣó san án. Nígbà tí Yánníbo bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀ àká, Ìjàpá sáré lọ sáàfin.

"Kábíyèsí, ẹ gbà mí. Àwọn agbọ̀n yẹn kò dọ́gba."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni."

Erin wá ní, "Láti òní lọ, ohun tí a ó fi máa wọn nǹkan gbọ́dọ̀ fẹ̀dí. Ṣóńṣó tí Ìjàpá fi sí ìsàlẹ̀, orí ni kó máa wà."

Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń ta àgbàdo fi ń rọ ọ́ gogoro sórí kóńgò títí di òní. Ohun tí Ìjàpá jí nísàlẹ̀ ni wọ́n ń san lókè.

Ìdí àlọ́ mi rèé, ó tẹ́jú, ó jókòó. Bí mo bá purọ́, kí kóńgò ẹnu mi má kún. Ó kún, ó sì yọ ṣóńṣó.