Ìgbín àti Agbẹjọ́rò Tó Fẹ́ràn Ẹyìn

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi wọ́ títí, ó wọ́ dé ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó dá lórí Ìgbín.

Ayékòótọ́ ni agbẹjọ́rò Ìgbín. Ìgbín fi àṣírí kan sí i lọ́wọ́. Ayékòótọ́ lọ sọ ọ́ fún Òkété, ẹni tí Ìgbín ń bá ṣẹjọ́. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí.

Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan wà lẹ́bàá odò, ilẹ̀ rẹ̀ tutù rinrin. Ibẹ̀ ni Ìgbín ń gbé, ibẹ̀ ló ri ẹyin rẹ̀ sí. Òkété dé, ó gbẹ́ ihò síbẹ̀, gìrì gìrì gìrì, ó ní òun ló ni ín. Ẹjọ́ dé iwájú Erin ọba. Ohùn Ìgbín kò ju ti èèrà lọ, ló bá lọ bẹ Ayékòótọ́ tí ẹnu rẹ̀ dá ṣáká.

Ayékòótọ́ ní, "Ìyá Ìgbín, ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Agbẹjọ́rò kì í gbèjà ohun tí kò mọ̀."

Ìgbín wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ọmọ mi, nígbà ọyẹ́ tó kọjá, mo ti ilẹ̀kùn ìkarahun mi pa, mo sùn síbẹ̀ fún oṣù mẹ́ta gbáko. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Bí Òkété bá gbọ́, yóò ní mo ti kó kúrò."

"Inú mi ló wọ̀ yẹn, Ìyá."

Lọ́jọ́ kìíní, Òkété gbé ẹ̀kúnwọ́ ẹyìn wá sídìí igi Ayékòótọ́. "Ẹlẹ́nu bí agogo, jẹun. Kí ni ìyá yẹn wí?" Ayékòótọ́ jẹ ẹ́, orin ló fi dá a lóhùn. Ẹ bá mi gbè é, ẹ̀yin ọmọ:

Lílé: Ìgbín sọ̀rọ̀ sí mi nínú
Ègbè: Kò gbọdọ̀ jáde
Lílé: Ẹyìn pọ́n, ẹyìn dùn
Ègbè: Kò gbọdọ̀ jáde

Lọ́jọ́ kejì, Òkété gbé agbọ̀n ẹyìn wá. Ayékòótọ́ jẹ ẹ́. "Ọ̀rọ̀ ọyẹ́ ṣá ni," ló ní, ló bá fi apá bo ẹnu, pá! Ó tún kọrin.

Lọ́jọ́ kẹta, Òkété wọ́ odidi ìdì ẹyìn wá, wọ́ọ́wọ́ọ́. Ayékòótọ́ jẹ, ó jẹ, ó sì tú gbogbo àṣírí náà, wàràwàrà.

Lílé: Ìgbín sọ̀rọ̀ sí mi nínú
Ègbè: Ó ti jáde
Lílé: Ẹyìn pọ́n, ẹyìn dùn
Ègbè: Ó ti jáde

Ọjọ́ ẹjọ́ pé. Òkété ní, "Kábíyèsí, oṣù mẹ́ta ni ilẹ̀ náà fi ṣófo nígbà ọyẹ́. Ó ti kó kúrò."

Ìgbín wo agbẹjọ́rò rẹ̀. Agbẹjọ́rò ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Epo ẹyìn wà létí ẹnu rẹ̀, pupa yòò. Kò sẹ́ni tó tún bi í ní nǹkan kan.

Ìgbín wọ́ jáde fúnra rẹ̀, wọ́, wọ́, wọ́. Erin ọba gbé etí rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kó lè gbọ́ ọ.

"Kábíyèsí, òótọ́ ni mo sùn níbẹ̀ nínú ìkarahun mi. Ṣé ẹ ti rí ẹni tó kó kúrò nílé rí, tó wá ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ sínú?"

Erin rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ fi mì. Ó dá ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ padà fún Ìgbín. Ó ní kí Ayékòótọ́ wá jẹ́jọ́ tirẹ̀ lọ́tùn-únla, nítorí àwọn àgbà fẹ́ lé e kúrò nílùú.

Kò sẹ́ni tó fẹ́ gbẹnu sọ fún Ayékòótọ́. Ó fa ìrù wá sọ́dọ̀ Ìgbín. "Ìyá mi, ẹ gbà mí."

Ìgbín ní, "Èmi kọ́ ló máa gbèjà rẹ. Èmi lo ṣẹ̀. Bí mo bá ń gbẹnu sọ fún ọ, ọkàn mi yóò máa fà sẹ́yìn, ìyẹn á sì jẹ́ ìrẹ́jẹ fún ọ. Àmọ́ kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dá dúró níwájú ọba. Àdàbà kì í jẹ ẹyìn. Mò ń lọ bẹ̀ ẹ́ kó gba ẹjọ́ rẹ rò."

"Ìyá, ọ̀nà jìn. Ẹ jẹ́ n fò lọ."

"Ta ni yóò gba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ gbọ́? Jókòó síbí, bá mi ṣọ́ ẹyin mi."

Ayékòótọ́ jókòó ti ẹyin, ó ń ṣọ́ ọ. Ìgbín dojú kọ ọ̀nà, ó ń wọ́ lọ.

Àlọ́ mi ti padà sínú ìkarahun rẹ̀. Ó kọ́ wa pé ẹni tó bá gba ẹjọ́ ẹni rò gbọ́dọ̀ pa àṣírí ẹni mọ́, kó má sì jẹun lọ́wọ́ ẹni tí à ń bá ṣẹjọ́. Ó sì kọ́ wa pé bó ti wù kí èèyàn jẹ̀bi tó, ó yẹ kó rí ẹni tó máa gbẹnu sọ fún un.