Orúnkún Ṣubúọlá

Orúnkún ń dun Ṣubúọlá, nọ́ọ̀sì sì ti kìlọ̀ fún un pé kó dín ọ̀rá ara kù. Ó bẹ ọkọ rẹ̀ pé kí wọ́n jọ máa rìn láràárọ̀, kó má sì ra ohun dídín wálé mọ́. Ọkọ gbà. Lọ́jọ́ kẹta, ó gbé abọ́ dùndú síwájú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ṣé egungun lo fẹ́ kí n máa gbá mọ́ra ni?"

Inú bí Ṣubúọlá burúkú. "Bàbá Ìdòwú, ẹni tí a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ló fi sẹ́nu! Ìrora mi lẹ fi ń ṣẹ̀fẹ̀?"

Ó tari abọ́ náà sẹ́yìn, ó lọ kan ilẹ̀kùn aládùúgbò rẹ̀ kan tó jẹ́ opó. Láti ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń rìn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, Ṣubúọlá ń gun òkè ṣọ́ọ̀ṣì lọ, ọkọ rẹ̀ ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró de òun. Kò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn.