Ọ̀rọ̀ Pupa Lójú Ìyá Aránṣọ

Ní kíláàsì ẹ̀kọ́ àgbà ìlú Ọ̀dọ̀-Ìrókò, abiyamọ kan wà tó ń jẹ́ Fẹ̀hìntọ́lá. Ayọ̀, ọmọ tó ń pọ̀n sẹ́yìn, kò tíì pé ọdún kan, síbẹ̀ òun ló mọ kọ̀ǹpútà lò jù nínú wọn. Nígbà tí Tíṣà Akínwándé fẹ́ fẹ̀yìn tì, àwọn ìyá arúgbó tó kọ́ ní ìwé kíkà jókòó níwájú fóònù, oníkálùkù ka ọ̀rọ̀ ìdágbére tirẹ̀. Wọ́n ní kí Fẹ̀hìntọ́lá gé e, kó tò ó pọ̀ di fídíò kan.

Ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà kíláàsì kì í ṣe ti olówó kan. Àwọn èèyàn káàkiri ayé ló jọ kọ ọ́, tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ. Ọ̀fẹ́ ni áàpù tí wọ́n fi ń gé fídíò lórí rẹ̀ náà. Tíṣà ti sọ fún un pé, "Mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Má wo èyí tó dán jù o. Èyí tí agbára kọ̀ǹpútà wa lè gbé ni kó o yàn." Fẹ̀hìntọ́lá yan èyí tó kéré jù, iṣẹ́ sì ń lọ.

Àfi ìgbà tí Bùkọ́lá aládùúgbò rẹ̀, tó ń ya fídíò ìgbéyàwó, yọjú.

"Ìyá Ayọ̀, kí lẹ̀ ń fi ṣiṣẹ́ yìí?"

"Ọ̀fẹ́ ni."

"Ọ̀fẹ́ kẹ̀!" Bùkọ́lá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ fẹ́ fi ọ̀fẹ́ dágbére fún tíṣà yín? Ẹ wá gbé láptọ́ọ̀pù tèmi. Áàpù tí àwọn òṣèré ńlá ń lò ló wà nínú rẹ̀."

Ojú ti Fẹ̀hìntọ́lá. Ó gbé láptọ́ọ̀pù náà, kò béèrè ibi tí áàpù ti wá, kò sì sọ fún Tíṣà. Nígbà tó parí, ọmọ ń ké, kò tún fídíò náà wò.

Lọ́jọ́ ìdágbére, wọ́n ta aṣọ funfun sára ògiri, wọ́n sì tan fídíò náà sí i. Ojú Ìyá Aránṣọ, tó dàgbà jù nínú wọn, ló kọ́kọ́ yọ. Bó ṣe lanu báyìí, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì pupa kan, STOLEN, dábùú ojú rẹ̀ láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Áàpù náà ló tẹ̀ ẹ́ mọ́ fídíò, torí pé Bùkọ́lá kò sanwó rẹ̀ kó tó máa lò ó. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n jí aago kíláàsì gbé ni Tíṣà ti kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ yẹn gan-an. Inú àwọn ìyá dùn pé àwọn mọ̀ ọ́n kà. Wọ́n pa ohùn pọ̀, wọ́n pe lẹ́tà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ bí Tíṣà ṣe kọ́ wọn:

"Ohun tí a jí!"

Ìyá Aránṣọ fò dìde. "Tíṣà, ta ló jalè? Èmi kọ́ o! Kí ló dé tí wọ́n kọ ọ́ sí mi lójú?"

Bùkọ́lá, tó wá wòran, ti yọ́ jáde. Fẹ̀hìntọ́lá kúnlẹ̀ tọmọ tọmọ.

"Màmá, èmi ni, ẹ jọ̀ọ́. Tiwa ló ń tì mí lójú, mo wá lọ yá tẹlòmíì. N kò mọ̀ pé wọ́n jí i ni."

Ìyá Aránṣọ fà á lọ́wọ́ sókè. "Dìde, ọmọ ń sunkún. Ogójì ọdún ni mo fi ránṣọ. Ẹni tó yá aṣọ wọ̀ jáde, ọ̀ọ́kán ni mo ti ń dá a mọ̀. Lọ gbé kọ̀ǹpútà wa wá, a ó jókòó tì ẹ́."

Áàpù kékeré yẹn ló fi tún un gé níbẹ̀. Fídíò náà kò dán, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ lójú ẹnikẹ́ni. Tíṣà gbọ́ ohùn wọn, ó nu ojú. Fẹ̀hìntọ́lá kò lè gbójú sókè títí wọ́n fi parí.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà Ọ̀dọ̀-Ìrókò fi ń pa á lówe fún ẹni tí tirẹ̀ bá ń tì lójú pé: ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fúnni lẹ́sẹ̀, a ṣoni, rẹ́múrẹ́mú lohun ẹni ń báni mu.