Ẹṣin Tí Wọ́n Kọ́ Ní Ìdúró

Ní ìlú Ìlódò, ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù kan wà tó ń jẹ́ Akin Ìlódò. Líìgì àgbà ni wọ́n ń gbá, bọ́ọ̀lù náà sì ni iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn. Ẹ̀yìn wọn kò ní àléébù. Aṣọ́lé wọn ń mú bọ́ọ̀lù bí ẹni ń ká ọsàn, àwọn tó wà níwájú rẹ̀ sì le bí ògiri ààfin. Iwájú ni ìṣòro wà. Nínú eré mẹ́rìndínlógún, góòlù méje péré ni wọ́n gbá wọlé, mẹ́rin nínú rẹ̀ sì jẹ́ pẹnárítì.

Kọ́lápọ̀, balógun ikọ̀ náà, ló ń gbá iwájú fún wọn. Nígbà tó wà ní ọmọ ogún ọdún, eré rẹ̀ máa ń ya ènìyàn lẹ́nu. Ní àsìkò tí à ń wí yìí, ó ti di ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, wọ́n sì ti ṣe iṣẹ́ abẹ sí orúnkún rẹ̀ ọ̀tún lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá sáré dé àárín pápá, á gbé ọwọ́ lé ìbàdí bí aboyún tó ń wá ibi ìjókòó.

Wọ́n ní àṣà kan nínú ikọ̀ náà. Ẹni tó bá kéré kì í wọ ọkọ̀ ṣáájú àgbà. Òun ló ń ru bàtà àgbà. Bó bá sì gbé bọ́ọ̀lù dé iwájú ilé alátakò, ó gbọ́dọ̀ dúró kí àgbà dé, kí àgbà fi í wọlé. Ìgbà tí Kóòṣì Láwore, olùkọ́ wọn, ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù ni àṣà náà bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tuntun kan ló gbá bọ́ọ̀lù gba òkè ilé kọjá nígbà tí àgbà kan dúró lófìfo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ife-ẹ̀yẹ sì bọ́ lọ́wọ́ wọn. Láwore ni àgbà tó dúró lófìfo náà. Ogún ọdún ti kọjá, kò tíì gbàgbé.

Nígbà tí ikọ̀ náà wá ń rì lọ sí ìsàlẹ̀, Láwore bọ́ sórí rédíò. Ó ní àwọn ń wá ẹni tí yóò gbá iwájú, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò máa sán bí àrá. Láìpẹ́ ni wọ́n júwe Ìṣọ̀lá fún un, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ní abúlé Ayétẹ́jú. Láwore lọ wò ó. Lórí pápá tí ewúrẹ́ ń jẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀, ó rí ọ̀dọ́kùnrin kan tó gbé bọ́ọ̀lù kọjá ènìyàn mẹ́rin kí wọ́n tó yíjú padà. Ó ń sáré bí ẹni tí wọ́n gbàgbé láti sọ fún pé ó máa ń rẹ ènìyàn.

Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, Bàbá Àlàdé, ló tọ́ ọ dàgbà. Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá yìí fi tọ́jú ẹṣin ọba. Láwore dọ̀bálẹ̀ kí i, ó sì ṣàlàyé ohun tó bá wá. Bàbá náà ní òun kò mọ nǹkan kan nípa bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n òun mọ ohun tó ń sáré bí òun bá rí i. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ní.

"Kóòṣì, kí lẹ fẹ́ lára ọmọ yìí?"

"Eré rẹ̀ ni, Bàbá. Ìyókù, a ní in nílé."

"Ó dáa. Ẹ má gbàgbé ohun tí ẹ sọ."

Ní ọjọ́ tí Ìṣọ̀lá kọ́kọ́ wọ pápá, ó ku ìdajì wákàtí kí eré parí. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tó kàn án, ó gbé e sá. Ó kọjá àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn, ó kọjá Kọ́lápọ̀ fúnra rẹ̀ tó na ọwọ́ pé kí ó gbé e wá, ó sì gbá a sínú àwọ̀n. Gbogbo òǹwòran dìde lórí ìjókòó. Ìlódò ṣẹ́gun.

Nínú yàrá ìmúra, kò sí ẹni tó kí i kú iṣẹ́. Láwore ti ilẹ̀kùn.

"Ìṣọ̀lá, ta lo sáré kọjá lónìí?"

"Àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn wọn ni, sà."

"Ta tún ni?"

Ọmọ náà ronú. "Bọ̀dá Kọ́lápọ̀, sà."

"Góòlù ẹ dáa. Ìwà ẹ ni kò dáa. Kúnlẹ̀."

Ó wà lórí ìkúnlẹ̀ títí gbogbo wọn fi wẹ̀, tí wọ́n sì múra tán. Bí Kọ́lápọ̀ ṣe ń so okùn bàtà rẹ̀, ó ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí kì í dúró kí àgbà kú kí wọ́n tó pín ogún rẹ̀. Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín. Ìṣọ̀lá náà rẹ́rìn-ín díẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ tó wà, nítorí pé ó fẹ́ kí wọ́n fẹ́ràn òun.

Lọ́sẹ̀ kejì, ó tún ṣe é. Lọ́tẹ̀ yìí, ó kọ́kọ́ wẹ̀yìn, ó rí i pé Kọ́lápọ̀ ṣì jìnnà, ló bá gbá a wọlé. Wọ́n ṣẹ́gun, wọ́n sì fi í jókòó sórí bẹ́ǹṣì fún eré mẹ́ta. Ikọ̀ náà fìdí rẹmi nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ìgbà yẹn ni Láwore bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní àràárọ̀. Á fun fèrè, Ìṣọ̀lá á sáré tọ ilé lọ. Bó bá ku díẹ̀ kó débẹ̀, Láwore á tún fun fèrè. Ìṣọ̀lá á dúró, á fi ẹsẹ̀ tẹ bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀, á wẹ̀yìn, á ka ení, èjì, ẹ̀ta, títí Kọ́lápọ̀ yóò fi dé. Ọjọ́ tó bá gbàgbé, á sáré yí pápá po ní ìgbà ogún. Nígbà tó máa fi di oṣù kẹta, Láwore kò nílò fèrè kejì mọ́.

Bàbá Àlàdé wá kí ọmọ rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ó wò wọ́n títí. Nígbà tí wọ́n sinmi, ó pe kóòṣì.

"Kí lẹ̀ ń kọ́ ọmọ yìí?"

"Sùúrù ni, Bàbá. Eré ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀."

"Lọ́dọ̀ àwa olùtọ́jú ẹṣin, a kì í pè é ní sùúrù. Ìdúró là ń pè é. Ẹṣin tí ọba yóò máa gùn jókòó níwájú ààfin là ń kọ́ ní ìdúró. A kì í kọ́ ọ fún èyí tó ń lọ sógun."

Láwore rẹ́rìn-ín, ó ní agbábọ́ọ̀lù kì í ṣe ẹṣin. Bàbá náà ní òótọ́ ni, pé bó bá jẹ́ ẹṣin ni, ì bá ti ta kóòṣì nípàá.

Eré ìkẹyìn ọdún dé. Bí Ìlódò bá ṣẹ́gun, wọ́n á wà ní líìgì àgbà. Bí wọ́n bá tilẹ̀ ta ọ̀mì, wọ́n á já wálẹ̀. Ó ku ìṣẹ́jú méjì kí eré parí, kò sì sí ẹni tó tíì gbá ọ̀kan wọlé. Ni aṣọ́lé Ìlódò bá gbá bọ́ọ̀lù gígùn kan síwájú. Ìṣọ̀lá fi àyà gbà á, ó yí padà, ó sá. Ẹni àkọ́kọ́ tó dojú kọ ọ́ ṣubú. Atẹ́gùn rẹ̀ nìkan ni ẹnì kejì rí mú. Aṣọ́lé alátakò jáde, Ìṣọ̀lá gbé bọ́ọ̀lù yí i ká, aṣọ́lé náà sì na gbalaja sílẹ̀. Ilé ṣófo. Ìṣísẹ̀ mẹ́fà ló kù.

Ìṣọ̀lá dúró.

Ó fi ẹsẹ̀ tẹ bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀, ó wẹ̀yìn. Kọ́lápọ̀ ṣì wà ní àárín pápá, ó ń tiro bọ̀, ó ń ju ọwọ́ méjèèjì. Ó ń kígbe pé kí ó gbá a wọlé. Láwore ti sáré wọ inú pápá, ohun kan náà ni òun náà ń kígbe. Gbogbo ìlú ń kígbe. Àwọn tó jókòó nítòsí sọ lẹ́yìn náà pé àwọn rí ètè ọmọ náà tó ń mì: ení, èjì...

Kò ka ẹ̀ta. Ọ̀kan nínú àwọn alátakò fi ara wọ́lẹ̀, ó gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì gbá a jìnnà. Kò pé ìṣẹ́jú kan, wọ́n ti gbá a sílé Ìlódò. Nígbà tí rẹfirí fun fèrè ìparí, Ìṣọ̀lá kò tíì kúrò lójú ibi tó wà.

Lọ́jọ́ yìí, Láwore kò rántí ti ilẹ̀kùn.

"Asáré ni mo wá lọ, òpó ni mo gbé wálé. Ta ló sọ fún ẹ pé o lè sáré?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Kí ló wá dá ẹ dúró?"

Ìṣọ̀lá wo ilẹ̀. "Etí mi ò gbọ́ fèrè, sà. Ẹsẹ̀ mi ló gbọ́ ọ."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Kọ́lápọ̀ dìde, ó gbé àpò Ìṣọ̀lá kọ́ èjìká ara rẹ̀, ó sì bá a gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí àgbà yóò ru ẹrù ọmọdé nínú ikọ̀ náà. Ó ti pẹ́ jù.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n lé Ìṣọ̀lá. Láwore sọ lórí rédíò pé ọmọ náà kò ní eré lẹ́sẹ̀, pé wọ́n tan òun ni. Ìṣọ̀lá padà sí Ayétẹ́jú. Nírọ̀lẹ́, á lọ bá wọn gbá bọ́ọ̀lù lórí pápá àwọn ewúrẹ́. Bó bá ti dé iwájú ilé, á dúró. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ ń fi í ṣe ẹ̀fẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n dákẹ́. Nígbà tó tún yá, òun náà kò lọ mọ́.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, Bàbá Àlàdé jókòó níwájú ilé, ó ń gbọ́ rédíò, Ìṣọ̀lá ń bó àgbàdo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohùn Láwore ló jáde. Ó ní Akin Ìlódò ń wá ẹni tí yóò gbá iwájú, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò máa sán bí àrá. Ó ní ìṣòro ibẹ̀ ni pé àwọn ọmọ òde òní kò mọ eré é sá mọ́.

Ìṣọ̀lá kò gbójú sókè. Bàbá Àlàdé pa rédíò náà, ó sì sọ gbólóhùn kan, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni sí i. Àwọn aládùúgbò tó gbọ́ ọ ló gbé e dé Ìlódò, kò sì tíì kúrò lẹ́nu àwọn àgbà ibẹ̀ títí dòní, tí wọ́n fi ń pa á lówe fún ẹni tó bá ba nǹkan jẹ́ tán tó tún ń bú u: A kì í kọ́ ẹṣin ní ìdúró tán, ká tún máa bú u pé kò mọ eré é sá.