Igbe Ẹtù ní Ọjà Gbàǹjo Erin

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Mi ò gbọ́ yín. Ṣé ẹ ti sùn ni? Àlọ́ o!

Àlọ̀ọ̀ọ̀!

Ẹ ṣeun. Inú ń bí mi lálẹ́ òní, mi ò sì ní fi pamọ́. Mo gbọ́ ẹ̀rín yín lẹ́yìn ilé ní ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí wọ́n fi fóònù jà lólè lẹ ń fi rẹ́rìn-ín! Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ jókòó síbẹ̀ yẹn náà sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó dáa. Àlọ́ mi yí gbirigbiri, ó yà sílé Ẹtù, ó yà sí ihò Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀.

Ní ìgbà kan rí, gbogbo ẹranko ló ní fóònù. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ta ló ń pa àlọ́, èmi àbí ẹ̀yin? Erin ló ni ọjà gbàǹjo, orí fóònù ló sì ń pàtẹ rẹ̀ sí. Ẹ mọ bí gbàǹjo ṣe rí: ẹni tí owó tirẹ̀ bá ga jù ló ń gbé ọjà lọ. Àgbàdo ni owó ìgbà náà. Oníkálukú a kó àgbàdo rẹ̀ sí àká lọ́dọ̀ Erin, a sì fi ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ kan tì í. Ẹni tó bá kọ ọ̀rọ̀ náà sórí fóònù ni àká ń ṣí fún.

Opó ni Ẹtù. Ọlọ ló fi ń lọ ata fún ará ìlú, apá rẹ̀ sì ti ń wú. Lọ́jọ́ kan, ó rí ẹ̀rọ ìlọta kan lórí gbàǹjo. Ó ní, "Bí mo bá rí èyí rà, àwọn ọmọ mi ò ní í fi ebi sùn mọ́." Gbogbo àgbàdo tó kó jọ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ló wà nínú àká yẹn. Ó ná ẹ̀rọ náà, ó wá ń dúró.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ náà wà lórí gbàǹjo, ṣùgbọ́n kì í fi àgbàdo tirẹ̀ ra nǹkan kan. Ó kàn ń ṣọ́ ẹni tó ń wá nǹkan lójú méjèèjì ni. Ọ̀lẹ ẹranko! Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń roko, òun ń tẹ fóònù nínú ihò. Ó rí i pé Ẹtù ń ná ẹ̀rọ ìlọta, ó sì kọ àtẹ̀jíṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí i:

"Oníbàárà wa ọ̀wọ́n, Ọjà Gbàǹjo Erin ló ń kí yín. Ọjà tí ẹ ń ná ti fẹ́ di tiyín, ṣùgbọ́n ẹnì kan ti ń fọwọ́ kan àká yín. Ẹ tẹ ibi tó ń tàn nísàlẹ̀ yìí, kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ yín síbẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọjà á bọ́, a ó sì ti àká yín pa. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni o. Ẹ̀yin nìkan la yàn."

Àyà Ẹtù já. Ó tẹ ibẹ̀. Àwòrán Erin yọ, teyínteyín, tetítetí. Ó jọ ọjà gbàǹjo gan-an. Kò wo nọ́ńbà tó ránṣẹ́ náà, pé kì í ṣe ti Erin. Kò bi ara rẹ̀ pé, "Erin tó mọ orúkọ mi, kí ló dé tó ń pè mí ní oníbàárà?" Ó kọ ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ̀rù kì í jẹ́ kéèyàn ronú. Olè mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìyẹn ló ṣe máa ń kọ́kọ́ dẹ́rù bani.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ẹtù ṣí fóònù. Àká ti ṣófo. Kò ku hóró kan.

Ó sáré lọ sílé Ọ̀yà, aládùúgbò rẹ̀. "Ọ̀yà, wọ́n ti jà mí lólè!"

Ọ̀yà fà á wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. "Rọra sọ̀rọ̀! Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún èmi náà lóṣù tó kọjá. Ṣé o gbọ́ ọ lẹ́nu mi? Lọ sílé, kí o pa á mọ́ra, kí ojú má tì ọ́."

Ẹtù wò ó. Inú ti ń bí i sí olè tẹ́lẹ̀, ó wá bí i sí Ọ̀yà pẹ̀lú.

"Lóṣù tó kọjá! Ká ní o pariwo nígbà náà, ǹ bá ti mọ̀! O bo ìtìjú tìrẹ mọ́lẹ̀, o sì jẹ́ kí ebi wọlé tọ àwọn ọmọ mi! Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èmi ò dákẹ́ ní tèmi."

Ó jáde sí gbangba, ó gbé orin sẹ́nu. Ẹ bá mi gbè é:

Olè kó àgbàdo mi o,
*Ariwo, ẹ bá mi pariwo!*
Ó forúkọ Erin bojú,
*Ariwo, ẹ bá mi pariwo!*
Ojú ò ní tì mí, ojú olè ni yó tì,
*Ariwo, ẹ bá mi pariwo!*

Ọ̀bọ wà lórí igi, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ojúkòkòrò! Ta ló ní kó o fi ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ lé olè lọ́wọ́? Èmi ò lè ya òmùgọ̀ báyẹn!" Ẹtù kọjá lábẹ́ igi náà. Ó ń kọrin lọ títí tó fi dé ilé Erin.

Ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ náà han Erin. Erin kà á, etí rẹ̀ ń gbọ̀n fún ìbínú.

"Èmi kẹ̀? Èmi kì í béèrè ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni! Èmi alára ò gbọdọ̀ mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ń béèrè kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ, kí lo rò pé ó fẹ́ fi ṣe? Ọmọ mi, bí wọ́n bá fi orúkọ mi ránṣẹ́ sí ọ, má tẹ ohunkóhun níbẹ̀. Gba ọ̀nà tí ìwọ fúnra rẹ mọ̀, kí o wá bi mí."

"Mo gbọ́, Bàbá. Àgbàdo mi wá ńkọ́?"

Erin yẹ fóònù tirẹ̀ wò. "Kò tíì jìnnà. Láàárọ̀ yìí ni ẹnì kan fi í ra ẹ̀rọ ìlọta, ní orúkọ rẹ. Ẹ̀rọ náà ṣì wà ní yàrá mi. Ó ní òun ń bọ̀ wá gbé e lọ́sàn-án."

Orin ti kó àwọn ẹranko jọ sẹ́nu ọ̀nà Erin. Ọ̀yà wà lẹ́yìn, ó dorí kodò. Ó rọra na fóònù rẹ̀: "Wọ́n kọ ọ́ sí èmi náà." Ni ẹlòmíràn bá na tirẹ̀. Ni ẹlòmíràn tún na tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà! "Ẹ̀yin nìkan la yàn," lójú fóònù gbogbo wọn! Ọ̀bọ sọ̀ kalẹ̀ lórí igi, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Àká tirẹ̀ ti ṣófo tipẹ́tipẹ́, ẹ̀rín ló ń fi bò ó.

Gbogbo wọn sá pamọ́ sẹ́yìn ilé. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ò gbọ́ orin kankan ní tirẹ̀, ó ti yó, ó sùn fọnfọn nínú ihò. Nígbà tó jí, ó so pòròpórò méjì mọ́rí bí ìwo, ó dé ọ̀dọ̀ Erin.

"Ẹ káàsán, Bàbá. Èmi Ẹtù ni. Mo wá gbé ẹ̀rọ mi."

"Ẹtù, ìwo rẹ wọ́."

"Mo ṣubú lọ́nà ni, Bàbá."

"Ìrù rẹ náà ti gùn jù."

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ nu ojú gbígbẹ. "Ẹ̀dùn ọkàn ni, Bàbá. Láti ọjọ́ tí ọkọ mi ti kú ni ara mi ò ti ṣe déédéé mọ́."

Ẹtù ò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó já jáde. "Ọkọ mi! O jí àgbàdo mi, o jí orúkọ mi, o tún wá ń bá mi sunkún ọkọ mi!" Ó kàn án, pòròpórò fò dànù. Ni gbogbo ẹranko bá ya bò ó. Wọ́n lù ú bí ẹní lu bàrà, agbára káká ló fi rí ẹsẹ̀ fi sálọ.

Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Ẹtù gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sílé. Ti Ọ̀yà ńkọ́? Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ti jẹ ẹ́ tán lóṣù tó kọjá. Ti Ọ̀bọ náà, ó ti jẹ ẹ́. Kò sí ohun tí Erin lè dá padà fún wọn. Láti ọjọ́ náà, bí Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ bá yọrí nínú igbó, gbogbo ẹyẹ àti ẹranko á figbe ta.

Ìdí àlọ́ mi rèé. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ yín fún ẹnikẹ́ni, ì báà forúkọ bàbá yín bẹ̀ yín. Ẹni tó bá ń kán yín lójú, tó tún ní kí ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni, olè ni. Bí ó bá sì ti ṣẹlẹ̀ sí ọ, pariwo lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá fi ọ́ rẹ́rìn-ín, olè ló ń bá ṣiṣẹ́.